Níbo lẹ ti ń rí àkọsílẹ̀ òjò tó jẹ́ ti sàkáání wa gan-an, tí kì í ṣe ti Ìlọrin?

Àgbẹ̀ Ìgbàjà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Éékà mẹ́ta ni mo ń dá lẹ́yìn Ìgbàjà. Lọ́dún tó kọjá, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn ní ìparí oṣù kẹta, ilẹ̀ rin gbingbin, ni mo bá gbin àgbàdo. Àgbàdo yọ tán, òjò bá lọ. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀. Mo padà sọ́jà lọ ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì, mo tún san owó àwọn tó bá mi gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì.

Fóònù ló tàn mí. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àwòrán òjò síwájú mi, 80% lónìí, 70% lọ́la. Ìgbà tó yá ni mo wo òkè ibẹ̀ dáadáa, mo rí i pé "Ilorin" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé Ìlọrin ni mo gbin àgbàdo sí ni?

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lèèyàn ti lè rí àkọsílẹ̀ òjò tó ti rọ̀ ní sàkáání Ìgbàjà láti ọdún pípẹ́ wá, àti àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣeé gbára lé? Kó jẹ́ ọ̀fẹ́ o. Ẹ má sì ní kí n máa wo ojú ọ̀run, mo ti ń wò ó láti kékeré.

Ọmọ Ọ̀fà

Dátà ọ̀fẹ́ kẹ̀? Èyí tí mo fowó ra láàárọ̀ ti tán. Mo ti jókòó, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa bọ̀.

Jọ́gíráfì Tanke

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àfaradà.

Ibùdó tí NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, ti ń wọn ojú ọjọ́ ní Ìlọrin, pápákọ̀ òfurufú ló wà. Nọ́ńbà rẹ̀ láàárín àwọn ibùdó àgbáyé ni 65101, àmì pápákọ̀ náà sì ni DNIL. Bí ẹ bá rí "Ilorin" nínú àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ti ibùdó, ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n náà dúró sí. Bó bá jẹ́ ooru tàbí ọyẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀, kò burú, torí ooru Ìlọrin àti ti Ìgbàjà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Òjò ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò tiwa lè rọ̀ ní Tanke kí wọ́n máa gbá eruku ní Ọjà-Ọba.

Ti áàpù orí fóònù tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ibùdó yẹn. Kọ̀ǹpútà ńláńlá nílẹ̀ òkèèrè ló ń ṣírò ojú ọjọ́ gbogbo ayé, áàpù á wá mú èyí tó bọ́ sí orúkọ ìlú yín. 80% yẹn náà, kò sọ pé òjò máa pọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wáyé nígbà mẹ́wàá, òjò á rọ̀ nínú mẹ́jọ, èyí tó kàn wínníwínní náà sì wà nínú rẹ̀.

Fún òjò tó ti rọ̀ kọjá, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni CHIRPS. Yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara ló ń ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1981, wọ́n sì pín ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi kìlómítà 5. Wọ́n ń wo ìkùukùu látinú sátẹ́láìtì, wọ́n á fi òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀ tún un ṣe. Ẹ lè lọ sí ìkànnì Climate Engine, kí ẹ fi ìka kan ibi tí oko yín wà lórí máàpù, yóò fà á jáde fún yín. TAMSAT náà wà, ti Yunifásítì Reading ní Ìlú Ọba. Áfíríkà nìkan ló ń bójú tó, láti 1983, àpótí tiẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 4. Bí fáìlì ńlá bá ń dẹ́rù bà yín, NASA POWER, ìkànnì àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òfurufú, ló rọrùn jù: ẹ tẹ ibi tí oko wà lórí Google Maps mọ́lẹ̀ pẹ́, yóò gbé nọ́ńbà méjì jáde, ẹ gbé méjèèjì síbẹ̀, ẹ yan ọjọ́, fáìlì tí Excel lè ṣí á wọlé. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ọ̀mù-Àrán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ NASA POWER yẹn. Mo gba òjò Ọ̀fà, mo gba ti Ọ̀mù-Àrán, kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè fi méjèèjì wéra. Nọ́ńbà kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀! Mo rò pé mo ti fi fáìlì kan ṣe méjì. Mo tún un gbà, bákan náà ló rí.

Èyí tó tún wá burú ni ìgbà tí mo ro òjò oṣù tí a wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ó jáde ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún márùn-ún mílímítà, àmì ìyọkúrò ló sì wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn ni pé òjò ń ti ilẹ̀ padà sókè ọ̀run. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù.

Jọ́gíráfì Tanke

Ẹ̀rín pa mí o, ọ̀gá. -999 ló ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò tíì ní dátà rẹ̀ ni wọ́n ń kọ -999 sí, àwọn ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo -999 inú fáìlì, kí ẹ pa á rẹ́ kó di òfo, kí ẹ tó ro ohunkóhun pọ̀. Ẹ má sọ ọ́ di 0 o. 0 túmọ̀ sí pé òjò ò rọ̀, òfo túmọ̀ sí pé a ò mọ̀.

Ti Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán, ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan. Àpótí NASA POWER fún òjò tóbi gan-an, ìdajì dígírì láti gúúsù sí àríwá, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn bíi kìlómítà 55 sí 69. Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán bọ́ sínú àpótí kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogójì kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lò ó fún òjò oko ẹnì kan. Ooru àti oòrùn ni mo ń fi ṣe.

Alájì Ọjà-Ọba

Níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí a sanwó fún kó bá wa dá òjò dúró ni òjò kọ́kọ́ pa. Ó dá mi lójú pé áàpù Ìlọrin lòun náà ń wò.

Bíríkìlà Gáà-Àkànbí

Èmi ò bá 1981 ṣe nǹkan kan. Tèmi ni wákàtí mẹ́ta tó ń bọ̀, torí òjò tó bá ká mi mọ́ orí dẹ́kìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, mo gbé gbèsè nìyẹn.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Áàpù ojú ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Windy wà lórí fóònù mi. Mi ò kì í wo nọ́ńbà òjò tó ń sọ, mo ń lọ tààrà sí ibi tí wọ́n kọ sátẹ́láìtì sí, torí àwòrán ìkùukùu tó wà lójú ọ̀run gan-an nìyẹn, kì í ṣe àlá. Òjò ńlá tiwa, èyí tó ń bá ìjì àti àrá rìn, ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Kàbbà, Ẹ̀gbẹ̀, Ọ̀mù-Àrán, kó tó kan Ìlọrin. Eré rẹ̀ tó kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan. Bí mo bá rí i pé ìkùukùu ti ṣú dùdù lórí Ẹ̀gbẹ̀, tó sì ń sún bọ̀ nínú àwòrán méjì mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, mo mọ̀ pé wákàtí méjì ló kù fún mi. Mo ní kí wọ́n má tíì ro kọnkéré pọ̀ mọ́.

Nígbà míì á kú sọ́nà, a ó jókòó lásán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ilé á máa wò wá. Ó sàn ju dẹ́kìn tó ṣẹ́ lọ. Òjò wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́ inú oṣù kẹjọ ò sì tẹ̀lé òfin yìí rárá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ní oko o, gbodo ni mo ń sá. Lọ́dún tó kọjá ọyẹ́ ò tètè dé, mo ti bọ iṣu rẹpẹtẹ sílẹ̀, ìdajì ló bu mọ́ mi lọ́wọ́. Èwo nínú gbogbo ẹ̀ ni màmá bíi tèmi lè wò tí kò ní gba wàhálà?

Jọ́gíráfì Tanke

Màmá, ẹ má wo òjò. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "humidity" sí nínú áàpù, ìyẹn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ti ọ̀sán ni kí ẹ máa wò, torí ti àárọ̀ kì í pẹ́ ga. Bó bá ń lọ sílẹ̀ sí i lójoojúmọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, tí atẹ́gùn sì ti yí padà tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, ọyẹ́ ti wọlé nìyẹn, ẹ lè bọ iṣu. Bó bá lọ sílẹ̀ lónìí tó tún gòkè lọ́la, ẹ ní sùúrù.

Fún eruku ọyẹ́ fúnra rẹ̀, ibùdó kan wà ní Barcelona tó ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ eruku jáde lójoojúmọ́ fún ilẹ̀ tiwa níbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú eruku náà ń ti Bodélé ní Chad wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìwé mi yangàn díẹ̀ níbẹ̀: láti 1998 ni ẹ̀rọ tó ń wo eruku inú afẹ́fẹ́ ti wà ní Unilorin, lábẹ́ ètò AERONET ti NASA. Ìlọrin wà lára àwọn ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí lágbàáyé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ eruku ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ wa tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò mọ̀.

Sólà Ọ̀fà

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ oòrùn: ẹni tó fẹ́ ra páńẹ́ẹ̀lì, PVGIS ni kẹ́ ẹ lò, ti Àjọ Yúróòpù ni, ọ̀fẹ́ ni, Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí ilé yín wà, yóò sọ iye iná tí páńẹ́ẹ̀lì yín á mú wá lóṣooṣù. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò o, kì í ṣe oṣù kejì. Àwọn tó ń fi oṣù kejì tajà fún yín mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì, Òkè-Onígbìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ò sí lórí ebè ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni oko ló yẹ kó wọn òjò oko rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wọn tèmi, ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ike kan ni ẹ máa lò, tí ara rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, pẹ̀lú rúlà. Bí omi inú rẹ̀ bá ga tó mílímítà 12, òjò mílímítà 12 ló rọ̀, kò sí ìṣirò míì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ á parọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ àrọ tí wọ́n fi ń da kẹrosíìnì lẹ fẹ́ kì bọ ẹnu ìgò, ẹ wọn omi inú ìgò ní mìlílítà, ẹ fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi ìwọ̀n ojú ẹnu àrọ pín in. Àrọ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 láti etí dé etí, ojú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 201. Bí ẹ bá bá mìlílítà 500 nínú ìgò, bíi mílímítà 25 ló rọ̀ yẹn.

Ẹ gbé e sí gbangba. Bí igi tàbí ilé bá wà nítòsí, kó jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Ẹ kán òróró díẹ̀ sí i kí oòrùn má bàa fa omi náà gbẹ. Agogo méje àárọ̀ ni kí ẹ máa kà á, lójoojúmọ́, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Ọjọ́ tí kò rọ̀, ẹ kọ 0. Ọjọ́ tí ẹ lọ síbi ìsìnkú, ẹ kọ "mi ò sí nílé", gẹ́gẹ́ bí ọmọ yẹn ṣe sọ nípa òfo.

Ẹ sì ṣe ọgbà yí i ká. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé mi ń sọ pé ọ̀dá ti dá ní Òkè-Onígbìn, gbogbo aládùúgbò sì ń sọ pé òjò ọdún náà dára. Ewúrẹ́ ìyàwó mi ló ń mu ún.

Kí ẹ lè mọ ohun tí nọ́ńbà yìí jẹ́: mílímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Éékà kan jẹ́ 4,047 irú rẹ̀. Òjò mílímítà 20 lórí éékà kan ju lítà 80,000 lọ, ìyẹn tánkà omi onílítà 10,000 mẹ́jọ. Bí fóònù bá wá sọ fún yín pé òjò mílímítà 1 ń bọ̀, ẹ má sáré gbé ọkọ́.

Onílé Ẹ̀bá Odò Àsà

Ti omíyalé ńkọ́? Gbogbo ọdún ni mo ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ọ̀mù-Àrán

Àǹtí, NIHSA ni tiyín, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò. Wọ́n máa ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n fi ń dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ṣeé ṣe kí omi yọ sí àti ìgbà tó lè jẹ́. Ẹ wá ìjọba ìbílẹ̀ yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìgboro, òjò wákàtí kan tó le lórí kọ̀tà tí ọ̀rá dí ti tó, kì í dúró de àsọtẹ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì náà sókè.

Àgbẹ̀ Ìgbàjà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gba CHIRPS ti oko mi látinú Climate Engine, láti 1981. Àbúrò mi ló bá mi ṣe é. Nọ́ńbà pọ̀ bí iyanrìn. Kí ni kí n wá fi ṣe? Báwo ni òjò 1987 ṣe máa sọ ìgbà tí n óò gbìn lọ́dún yìí fún mi?

Jọ́gíráfì Tanke

Ìbéèrè tó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ ń lò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: òjò ti bẹ̀rẹ̀ bó bá rọ̀ tó mílímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀dá kankan ò sì ju ọjọ́ méje lọ nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Apá àkọ́kọ́ ni ẹ rí lọ́dún tó kọjá. Apá kejì ni kò sẹ́ni tó lè rí lọ́jọ́ tó ń gbìn, torí ọgbọ̀n ọjọ́ ò tíì pé. Ibẹ̀ ni ọdún tó ti kọjá ti wúlò.

Ẹ mú ọdún kọ̀ọ̀kan, láti 1981. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ẹ wá ìgbà àkọ́kọ́ tí ọjọ́ mẹ́ta pa pọ̀ tó mílímítà 20. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e: ṣé ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje lọ wà níbẹ̀? Bó bá wà, ẹ kọ "ó tàn wá jẹ". Bí kò bá sí, ẹ kọ "ó jẹ́ òótọ́". Fún ẹ̀kán òjò wínníwínní, ọjọ́ tí kò bá tó mílímítà 1, ẹ kà á mọ́ ọ̀dá, torí kò ṣe àgbàdo lóore kankan.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ kó àwọn ọdún jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì: ìparí oṣù kẹta, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ìparí rẹ̀. Ẹ ka iye ọdún tó tàn wá jẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò yé yín bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dún tó kọjá jẹ́ àgbákò, tàbí pé bí ìparí oṣù kẹta Ìgbàjà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn ọ̀nà méjì yẹn, owó irúgbìn tèèyàn máa fi wọ́n wewu kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ẹ fi Seasonal Climate Prediction ti NiMet kún un, ìwé tí wọ́n máa ń gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n rò pé òjò máa bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó máa dáwọ́ dúró, àti ibi tí ọ̀dá lè gùn sí láàárín. Tèmi ni pé bí NiMet bá ní òjò á pẹ́, tí ìṣirò ogójì ọdún yín náà bá sì ní ìparí oṣù kẹta ń tan èèyàn, ẹ má gbin ju éékà kan lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà náà.

Ohun kan sì wà: CHIRPS dáa tó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún tàbí oṣù. Ti ọjọ́ kan ṣoṣo, ó máa ń ṣi ọjọ́ mú. Torí náà ẹ má bínú bó bá ní òjò rọ̀ ní Tuesday tó sì jẹ́ Wednesday lẹ rí i. Ike bàbá ló máa parí ìjà yẹn.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ ìwé yunifásítì ńkọ́? Ọ̀gá mi ò gba sátẹ́láìtì, ó ní dátà NiMet ni.

Jọ́gíráfì Tanke

Kọ ìwé sí NiMet, kí ilé ìwé yín fọwọ́ sí i, kí o sì múra owó sílẹ̀. Tètè ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ní oko ìwádìí lágbègbè wa náà máa ń ní òṣùwọ̀n tiwọn, béèrè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí o bá sì rí i gbà, béèrè ọjọ́ tí òṣùwọ̀n wọn bàjẹ́.

Alájì Ọjà-Ọba

Owó lórí òjò tí Ọlọ́run rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́! Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìgbàjà

Mo ti ka àwọn ọdún náà tán, èmi àti àbúrò mi, ọjọ́ Sátidé méjì ló gbà wá. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, torí oko tèmi ni, tiyín lè yàtọ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé nígbà tí ìyàwó mi rí bí àwọn "ó tàn wá jẹ" ṣe tò jọ sí ìparí oṣù kẹta, ó wò mí títí, kò sọ̀rọ̀.

Ike ti wà lóko, ọgbà wà yí i ká. Ìyá tó ni oko ẹ̀gbẹ́ mi béèrè pé ṣé oògùn ni mo rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Òjò ti rọ̀ nígbà méjì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní Thursday, 9. Ọjọ́ kejì, 0. Sátidé, 6. Àwọn kan ti ń gbìn ní apá ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ mẹ́ta, 15. Irúgbìn ṣì wà nínú àpò.